Aṣọ Kan fún Ewì àti Àtẹ Ìṣirò

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn náà ló tún sọ pé aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èwo ni ká dì mú nínú méjèèjì? Láti ìgbà tí mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ mi ni mo ti rí i pé òótọ́ ni méjèèjì, kọ̀ǹpútà ló sì là mí lójú sí i.

Orí àmì ohùn ni iṣẹ́ mi dá lé. Mò ń ka iye ìgbà tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ yọ nínú àwọn ìwé kan. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kọ̀ jagunjagun. Bí àmì ohùn bá já bọ́ lórí wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn á jọ. Àtẹ tí mo fi ọ̀pọ̀ òru kà á wá dà bí ìgbà tí èèyàn kọ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ?

R ni mo fi ń ṣe ìṣirò náà. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn ló sì bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu. Bí a bá lo R Markdown, ó lè gbé àbọ̀ ìwádìí jáde bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń wọṣọ fún irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ni CSS, tí Håkon Wium Lie dábàá rẹ̀ ní 1994, tí àjọ W3C sì fọwọ́ sí ní 1996. Ọ̀rọ̀ á wà nínú fáìlì tirẹ̀, ìmúra á wà nínú fáìlì mìíràn. Fáìlì ìmúra kan ṣoṣo lè wọṣọ fún ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Kí là ń pè ní aṣọ ẹbí, bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Èmi sì ti ní aṣọ nílé jàre. Mo ti kọ CSS kan tẹ́lẹ̀ fún àwọn ewì mi, mo pè é ní ewi.css. Nígbà tí mo ní òun ni mo máa lò, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ Statistics bú sẹ́rìn-ín.

"Akéwì! Ṣé ewì lo fẹ́ fún ọ̀gá yín ni àbí àbọ̀ ìwádìí?"

Mo ní, "Jẹ́ ká wò ó ná."

Lábẹ́ html_document, ní orí fáìlì náà, a kọ ìlà kan péré: css: ewi.css. Ó tán.

Kí ló wà lára aṣọ ewì tó wúlò fún àtẹ? Àkọ́kọ́ ni fọ́ǹtì. Nínú Unicode, kò sí àmì ẹyọ kan fún ẹ́. A á kọ ẹ, a á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n Charis SIL mọ̀ ọ́n. Èkejì ni àlàfo: mo fi line-height sí 1.8, kí àmì orí ìlà kan má baà forí gbá àmì ìsàlẹ̀ ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni apá tí wọ́n ń pè ní @media print, tó jẹ́ ti orí bébà. Fọ́tókópì aláwọ̀ dúdú kò mọ pupa. Ohun tí mo fi pupa tọ́ka sí lórí kọ̀ǹpútà á di eérú lásán. Nítorí náà, lórí bébà, lẹ́tà tó dúdú kirikiri àti ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo fi rọ́pò àwọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ìwé ìròyìn wa yìí mú lọ́wọ́, ẹ kúkú mọ ohun tí mò ń wí!

Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi rí i, òun náà ní kí n yá òun. SAS ni tirẹ̀. Ó kọ CSSSTYLE= sínú àṣẹ ODS, ó sì darúkọ fáìlì mi. A kàn fi orúkọ tí SAS mọ̀ kún un: .header fún orí àtẹ, .data fún àwọn iye inú rẹ̀. SAS tiẹ̀ lè gbé aṣọ náà dé inú PDF. Ní ti R Markdown tí mò ń lò, bí mo bá ní kó di Word, CSS mi ò lè dé ibẹ̀.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé òwe kejì o. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ka fáìlì láìsí UTF-8, àmì lè ti bàjẹ́ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí CSS tó lè wo ìyẹn sàn. Á kàn wọ agbádá fún irọ́ ni, irọ́ náà á sì wuyì lójú ẹni tó ń kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yẹ àtẹ mi wò ní ìhòòhò, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kí n tó wọṣọ fún un.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ lédè Yorùbá, bí ẹ bá ní aṣọ tó gba àmì ohùn mọ́ra, ẹ má tọ́jú ẹ̀ fún ewì nìkan. Ìṣirò wa náà, èdè wa ni wọ́n fi ń kà á.