"Ó Yé Mi, Ọmọ Mi"

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sí ohun tí mo bi àwọn aláìsàn léèrè tó "Ṣé ó yé yín?" Kò sì sí èsì tí mo gbọ́ tó "Ó yé mi, ọmọ mi." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi èsì yẹn yẹ́ mi sí ni, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn.

Ìyá kan tó ń din àkàrà ló là mí lójú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra, a sì ti fún un ní oògùn amlodipine, ẹyọ 30, kó máa lo ẹyọ kan lójúmọ́. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 110. Mo ní ṣé ó ń lo oògùn. Ó ní òun ń lò ó. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó ọ̀rá oògùn náà lé mi lọ́wọ́: 19 ló kù.

"Ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ mi ni mo máa ń lò ó, nọ́ọ̀sì. Tí ara mi bá ti le, kí ni n ó tún lo oògùn fún?"

Kò purọ́ fún mi. Mo wo ara ọ̀rá náà. "1 od" ni a kọ síbẹ̀, ìyẹn ẹyọ kan lójúmọ́. Ìyá tí kò kàwé, kí ni yóò fi lẹ́tà méjì yẹn ṣe? Kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè ru gùdù kí orí má fọ́ ènìyàn rárá, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé.

Ọkàn nọ́ọ̀sì kì í balẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ àlàyé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ṣẹ́, òun la fi ṣèdánwò. Ojú tún ń tì wá láti ní kí àgbà tó tó bí wa lọ́mọ tún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sọ, bí ẹni ń dán ọmọléèwé wò.

Nísinsìnyí, ọrùn ara mi ni mo ń gbé ẹ̀bi àìyé náà kọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa ni. Tí ọmọ yín bá bi yín nílé bí ẹ ó ṣe lò ó, kí lẹ ó sọ fún un?" Kò sí àgbà tó tíì bínú sí mi rí. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ibi tí àlàyé mi ti já.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Àpò ORS kan, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, omi lítà kan ni. Ìyá mélòó ló ní ohun ìwọn lítà nílé? Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ píọ́ wọ́tà: ọ̀rá méjì oní-50cl ló pé lítà. Ojú wọn ni mo ti ń já a, tí mo ń dà á sínú abọ́, kí àwọn náà tó po tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin òbí yín lọ sí ọsibítù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bí wọn yóò ṣe lo oògùn wọn.