Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Fìyà Jẹ Àwọn Ẹ̀dá Ìtàn Wa?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Tí a bá gbe omijé inú àwọn ìtàn tí a ń kà síra wa létí nípàdé, á kún garawa. Bàbá á kú, ilé á jó, àfẹ́sọ́nà á já ọmọge jù sílẹ̀ nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù ọ̀la. Èwo wá ni? Ṣé ìkà ni wá ni?

Ẹ wo Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán Àkàrà-Ògùn lọ kojú ewu. Ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti pa ìgalà, tó gbé e wálé, tó sè é jẹ, ta ni ì bá mọ̀ pé ògbójú ọdẹ ni? Ìyà ló jẹ́ ká rí i.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí òkun ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ mi. Ẹ wo Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Kì í béèrè ta ni olóòótọ́, ta ni ọ̀lẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn lánàá, tó bá yá, òun náà á di ará iwájú.

Nígbà ìsinmi kan, mo ka ìtàn tí mo kọ fún ìyá mi àgbà. Àwọn náà ti kó kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí omi. Ìtàn opó kan ni, tí òkun ya wọ ilé rẹ̀ lóru. Wọn ò sunkún, wọn ò ní kí n dákẹ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí ló kọ́kọ́ gbé jáde?"

Mo ní, "Àwọ̀n ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni, Ìyá. Ó fi ìkòkò àti aṣọ sílẹ̀."

Wọ́n mi orí. "Hẹ̀n-ẹ́n. Obìnrin yẹn fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ gan-an. Máa kà á lọ."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan pé obìnrin náà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Omi ló bá mi sọ ọ́. Òkun gidi kì í dúró gbọ́ èsì lẹ́nu ẹni tó ń fìyà jẹ. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti òkun nìyẹn.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ pa bàbá ẹnì kan nínú ìtàn yín, ẹ pa á, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn sin ín tán kí ẹ sáré lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ wo ohun tí ọmọ náà dì mú, ohun tó jù sílẹ̀, ẹni tó ké pè. Tí ìyà bá jẹ ẹ́ tán, tí a ò sì mọ̀ ọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a kàn na ọmọ ọlọ́mọ lásán ni.