Ní Libreville, Ẹ Béèrè Ibi Tí Igi Ti Dàgbà

Bí òbí bá ní ọmọ òun wà ní nọ́sìrì, ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ. Bí àgbẹ̀ bá ní igi òun wà ní nọ́sìrì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú igi kéékèèké ló ń sọ. Ní Libreville, olú ìlú Gàbọ̀n, tí wọ́n ti ń sọ Faransé, pépinière ni wọ́n ń pè é. Ara pépin, ìyẹn kóró inú èso, ni orúkọ náà ti jáde. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú láti kékeré ni gbogbo rẹ̀, òun ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣí ìsọ̀ òdòdó níbẹ̀ kọ́kọ́ wádìí. Aṣọ tí kò tà lónìí lè tà lọ́la. Igi tó bá kú sí ìsọ̀, owó bá a lọ nìyẹn.

Libreville wà létí òkun, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Òjò ọdún kan níbẹ̀ sún mọ́ mítà 3, ó tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Lóṣù kẹfà àti oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ gan-an nílẹ̀ Yorùbá, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá pátápátá níbẹ̀. Igi tó lágbára nílé lè má lágbára lọ́hùn-ún: tiwa ń bá ọyẹ́ jà, tiwọn ń bá omi àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ jà.

Nítorí náà, ẹ má wo òdòdó nìkan. Ẹ gbé ọ̀rá igi náà sókè: gbòǹgbò funfun dára, èyí tó dúdú tó sì ń rùn ti ń jẹrà. Bó bá jẹ́ abẹ́ ibòji ló ti dàgbà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gbé e sí oòrùn, kí ewé rẹ̀ má baà jó. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ewé wò fún kòkòrò funfun bí òwú. Irú rẹ̀ kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ni wọ́n rí ní Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà kí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tó tú agbọ́n kékeré tó ń pa á sílẹ̀.

Ẹ má sì lọ hú igi nínú igbó nítorí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ á ti gé, igbó náà á sì ṣófo. Òfin ń dáàbò bo ọgbà igi Raponda Walker tó wà ní àríwá ìlú. Àlùfáà ọmọ Gàbọ̀n ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà náà. Ìwé tí òun àti Roger Sillans kọ lórí igi tó wúlò ní Gàbọ̀n, tó jáde ní 1961, kó orúkọ tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń pe igi jọ. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè orúkọ igi lọ́wọ́ ọmọ ìlú, torí orúkọ ọjà kan lè bo igi méjì mọ́lẹ̀.

Ní tèmi, pèrègún ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Dragonnier ni Faransé ń pè é. Òun ni àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀. Bí a bá gé e rì mọ́lẹ̀, ó ń hù. Ẹ gé e lára èyí tó ti la òjò Libreville kọjá. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tó ní ihò nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń parí lọ, kó ti ta gbòǹgbò kí òjò ńlá oṣù kẹwàá tó dé.