Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Ba Orúnkún Mi Jẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe orúnkún mi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Irọ́ ni. Bí mo ṣe pa á fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo pa á fún ìyá tó bí mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé idà ni mò ń fúnra mi kọ́, láìsí olùkọ́, láìsí ẹni tó ń wò mí, àṣìṣe tí mo sì ń tún ṣe lójoojúmọ́ ló ba orúnkún òsì mi jẹ́.

Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe. Ìlú yìí ni ilé àkójọ ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní Royal Armouries wà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí idà gígùn ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì mú. Mo ti rò pé géńdé ọkùnrin nìkan ló lè gbé e, àṣé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó kílò 2. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ra idà onígi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé.

Ìwé pọ̀ fún ẹni tó bá wá a. Johannes Liechtenauer, ọ̀gá onídà ní Jámánì ní ọ̀rúndún 14, fi ewì kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ. Àwọn tó tẹ̀lé e ló wá túmọ̀ ewì náà. Ìwé Hans Talhoffer ti ọdún 1467 kún fún àwòrán. Joachim Meyer tẹ tirẹ̀ jáde ní Strasbourg lọ́dún 1570. Mo mọ orúkọ ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ewì Liechtenauer sórí: Ochs, Pflug, Alber, Vom Tag. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé wa, lórí kọnkéré, ni mo máa ń lọ.

Ara idà ni ojú mi wà. Mi ò náání ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lára ohun tí Sigmund Ringeck, ọ̀kan nínú àwọn tó túmọ̀ ewì náà, kọ́kọ́ sọ ni pé bí èèyàn bá ṣá idà láti ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìṣá náà kò pé. Mo kà á, mo sì ré e kọjá. Mo ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì tí mo fi sílẹ̀ kì í yí. Ó lẹ̀ mọ́ kọnkéré nínú bàtà onírọ́bà, nígbà tí mo ń fi gbogbo agbára ìbàdí àti èjìká yí ara.

Iṣẹ́ orúnkún ni kí ó ká, kí ó sì nà. Yíyí tí ó lè yí kò tó nǹkan. Ìbàdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ni yíyí. Ó yẹ kí gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀ díẹ̀, kí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yí, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti orúnkún lè jọ kọjú sí ibì kan náà. Bàtà aláwọ fẹ́lẹ́ ni àwọn onídà ayé ìgbà náà ń wọ̀, ó sì ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Tèmi di ilẹ̀ mú. Yíyí tí ẹsẹ̀ kọ̀, orúnkún ló gbà á.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo fi àbóníkí ra á, mo tún gbé idà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbára lé. Nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tó wà ní Nuremberg, òǹkọ̀wé sọ pé ìdánrawò sàn ju ìmọ̀ lọ. Mo sọ ọ́ di àṣẹ: bí mo bá ṣáà ti ń ṣe é, yóò gún. Ẹni kan náà ló sọ nínú ìwé kan náà pé a kò lè fi ìwé ṣàlàyé ìjà tó bí a ṣe lè fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Mo ka ìyẹn náà. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́, nítorí ó ní kí n lọ wá èèyàn.

Èèyàn sì wà. Ẹgbẹ́ kan ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí kò jìnnà sí wa. Mi ò lọ. Ẹ̀rù bà mí pé èmi nìkan ni màá jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, pé mo ti dàgbà jù, pé wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n mọ̀ ọ́n dáadáa ná kí n tó yọjú. Ìgbéraga ni, ẹ̀rù ló sì wọ̀ láṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà.

Zwerchhau ni mò ń ṣe, ìṣá tí ń gba ìbú kọjá ní ọ̀gangan orí, nígbà tí orúnkún náà ró pọ́ọ̀, tí ó sì há. Àwọn dókítà ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun itan àti egungun ojúgun ti ya, èyí tí wọ́n ń pè ní meniscus. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé apá inú rẹ̀, nítorí náà kì í tètè jinná fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Owó oṣù mi dín kù, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń gba iṣẹ́ mi ṣe, àwọn ọmọ mi ló ń bá mi gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo délé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò lè kúnlẹ̀. Ìdúró ni mo kí màmá mi. Wọ́n ní, “Má wulẹ̀ ṣèyọnu, ọmọ mi,” mo sì tún pa irọ́ àtẹ̀gùn náà fún wọn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ara mi yá, mo lọ bá ẹgbẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí n ṣá idà, ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹsẹ̀ òsì mi kò yí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú ẹlòmíràn wò ó tó fi rí i. Mo ronú kan I.33, ìwé ẹ̀kọ́ idà tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tó ṣẹ́kù ní Yúróòpù, tó wà lọ́wọ́ Royal Armouries níbí: àlùfáà kan ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Èèyàn méjì ni ẹ̀kọ́ náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí o ń kọ́ ohun kan fúnra rẹ, ìbáà ṣe idà, ijó tàbí irin gbígbé, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ọ́ kó tó mọ́ ọ lára. Bí kò bá sí, fi fóònù ya ara rẹ, kí o sì wo ẹsẹ̀ kí o tó wo ọwọ́. Rin ìgbésẹ̀ náà jẹ́jẹ́ láìmú idà. Bí ó bá dùn ọ́, dúró. Ìdánrawò kò mọ ohun tó dára yàtọ̀ sí èyí tó burú. Èyí tí o bá gbé fún un ni yóò sọ di líle. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè kí a tó rìn jìnnà.