Ètò Àjẹsára Ara àti Ọkàn Àfirọ́pò

Ìjà tí ètò àjẹsára ara ń bá ọkàn àfirọ́pò jà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn ti ń ká a lọ́wọ́ kò. Èyí tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣì ń da àwọn dókítà láàmú.

Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní HLA, tó fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tuntun ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á ti kọ́kọ́ ń pàdé àmì àjèjì yìí. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní T á kọlu awọ náà, èròjà agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ á sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí awọ náà ti ń gbọgbẹ́ tó ń jinná, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa nípọn sí i, títí ihò iṣan yóò fi fún pọ̀ jákèjádò. Àyà kì í sábà dun aláìsàn, torí pé wọ́n ti gé iṣan ìmọ̀lára ọkàn nígbà iṣẹ́ abẹ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí gan-an ló léwu jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Philip Blaiberg nìyẹn, dókítà eyín tí Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn fún ní Cape Town ní ọjọ́ 2, oṣù kìíní, ọdún 1968. Ó lo oṣù 19 sí i. Nígbà tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, wọ́n rí i pé iṣan ọkàn náà ti dí gidigidi.

Síbẹ̀, èròjà agbóguntàrùn yìí tún lè gba ẹ̀mí là. Ní ọdún 1969 yìí kan náà, wọ́n fi bàálù gbé nọ́ọ̀sì kan tí ibà Lassa mú láti ìlú Lassa, ní Nàìjíríà, wá sí ilé ìwòsàn ní Jos. Ó kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kú pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, Penny Pinneo, yè é ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àìsàn náà mú Jordi Casals, tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ní Yale, omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, ara rẹ̀ sì yá. Irú èròjà agbóguntàrùn tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ yẹn náà wà lára ohun tó ń ba ọkàn àfirọ́pò jẹ́.

Ìdí nìyí tí ìwọ̀n oògùn tó ń dín agbára ètò àjẹsára kù, bíi cyclosporine, fi ṣòro láti pinnu. Bí ó bá kéré, ọkàn á bàjẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, àrùn á ráyè wọlé. Ní Jos, níbi tí ibà Lassa àti ikọ́ ẹ̀gbẹ kò jìnnà sí ènìyàn, ewu kejì yìí kì í ṣe kékeré. Oògùn everolimus máa ń dín ìnípọn iṣan kù. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ti fún jákèjádò, fífi irin là á kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ọkàn mìíràn nìkan ló kù.