Ọmọ Mẹ́sàn-án Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Láì Wo Ojú Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí mo fi ń yangàn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì rí i pé bí n kò bá sọ ọ́, kò ní í jẹ́ kí n sùn.

Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti jáde, mo sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi jẹ́ dókítà. Ọmọ dáadáa ni. Bí ó ti kàwé tó un, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà" ni ó ń pè mí, bí ó bá sì wọlé, yóò kúnlẹ̀ kí ó tó jókòó. Ní ìgbà òjò ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó wá sí ilé wa ní ọjọ́ Àìkú, ó ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ojú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ mélòó ni kò rí ohun tí olùkọ́ kọ sí ara pátákó dáadáa, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀? Bí òun bá parí rẹ̀, òun yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́nà. Iṣẹ́ náà ni yóò sì ràn án lọ́wọ́ láti gba ìgbéga.

Mo ní, "Dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ mi ni wàá ti ṣe é."

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni jọ́nà, kì í ṣe irú ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ohun tí dókítà bá rí lára aláìsàn ni yóò kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tí ó gbà rí i, kí dókítà tó wà ní ìlú òkèèrè lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní The Lancet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1823. Àwa náà ní tiwa, nítorí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ wa ní Nigerian Medical Journal. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì, ni àbúrò mi máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1968, ọ̀gbẹ́ni yìí kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú jọ́nà tí ń jẹ́ Brain, lórí àìsàn kan tí ń sọ ìrìn àwọn ènìyàn wa di ìrìn ọ̀mùtí, tí ó sì ń bá ojú àti etí wọn jà. Ó fura sí ẹ̀gẹ́ tí májèlé inú rẹ̀ kò tán. Ní ọdún 1969, iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ọ̀ṣọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tún jáde. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn padà sí Ọ̀ṣọ́sà yìí kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ọ̀ṣuntókun ti kú ní ọdún 1995, kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kà, àti bí ó ti kà á, wà nílẹ̀ tí ẹni tí kò rí i rí fi lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní ibi tí adùn jọ́nà wà nìyẹn.

Kì í ṣe pé ènìyàn yóò kàn dìde kí ó máa yẹ ojú ọmọ ọlọ́mọ wò. Ìgbìmọ̀ kan wà tí ń rí sí i pé ìwádìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwé ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2007 ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀gá wa. Ó wá ku àwọn òbí. Lẹ́tà tí wọn yóò fọwọ́ sí kún fún Gẹ̀ẹ́sì líle, èmi ni mo sì sọ ọ́ di Yorùbá. N kò gbàgbé ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìkọ̀tún. Ó wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ kò ní í fi ojú ọmọ mi ṣe nǹkan o?" Mo kà á fún un pé bí ó bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò na ọmọ rẹ̀, bí ó bá sì gbà lónìí tí ó yí ọkàn padà lọ́la, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì tẹ ìka.

Bí a ti ṣe é rèé. A fi téèpù wọn mítà mẹ́fà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fi pátákó E kọ́ sí ara ògiri. Herman Snellen, dókítà ojú ará Họ́láńdì, ni ó gbé irú pátákó lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1862. Èyí tiwa, lẹ́tà E nìkan ni, ọ̀kan dojú kọ òkè, ọ̀kan dojú kọ ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ tí kò mọ̀wé náà lè fi ìka nà án. Ọmọ yóò fi páálí bo ojú kan, yóò máa nawọ́. Bí ó bá rí gbogbo ohun tí ojú pípé ń rí láti ibẹ̀, a ó kọ 6/6 fún un. Dókítà kọ́ mi títí tí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe. Òfin kan ṣoṣo ni ó tẹnu mọ́: ọmọ tí kò bá wá, kí n kọ "kò wá".

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, òjò rọ̀ láti ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn mọ bí ó ti máa ń rí. Dókítà kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án nínú kíláàsì kẹrin kò wá. Mo dúró dè wọ́n títí di aago méjìlá. Ẹ̀yin tíṣà yóò mọ ohun tí mo ń wí: ojú wa kì í gba àlàfo nínú rẹ́jísítà. Mo mọ àwọn ọmọ náà, mo ń kọ́ wọn lójoojúmọ́, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ta lu ògiri. Mo mú báírò, mo kọ 6/6 fún ojú ọ̀tún, mo kọ 6/6 fún ojú òsì, ìgbà mẹ́sàn-án. Mo pa ìwé dé. Ẹ má bínú sí mi, oore ni mo rò pé mo ṣe.

Inú yàrá ìjẹun wa ni a ti kọ ìwé náà, bí NEPA bá gba iná a ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ìdí tí a fi ṣe é, bí a ti ṣe é, ohun tí a rí, àti ohun tí a rò pé ó túmọ̀ sí. Àkópọ̀ kúkúrú kan yóò ṣáájú, jọ́nà náà sì ní kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 250 lọ. Èmi tí mo ń fi máàkì kún àròkọ ọmọ tí ó bá gùn! Mo kọ gbólóhùn aládùn kan pé ó bani nínú jẹ́ gidigidi bí àwọn ọmọ wa ti ń táràrà nínú òkùnkùn. Dókítà pa á rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òǹkà sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó tún kàn. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà lórí ìwé náà, n kò ní í purọ́ fún yín. Mo ti rò ó bí n ó ti fi han àwọn ará ilé wa. Ó ṣàlàyé pé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn pàdé ní Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1978 láti ṣe ìlànà, ìlànà náà sì ti dàgbà sí i láti ìgbà náà. Ohun mẹ́rin ni yóò pé kí ènìyàn tó jẹ́ òǹkọ̀wé: kí ó ní ipa gidi nínú iṣẹ́ náà, kí ó bá wọn kọ ọ́ tàbí kí ó bá wọn tún un ṣe, kí ó fọwọ́ sí i kí ó tó jáde, kí ó sì gbà láti dáhùn fún òótọ́ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní mo ti ṣe méjì, mo sì lè ṣe ìkẹta. "Ìkẹrin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbà?" Mo ní mo gbà. Mo fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn kan ti ń kọ lẹ́tà sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, wọ́n ń pè é ní ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, pé kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò jáde, kí ó sáà ti san owó dọ́là. Èmi ní kí a san án kí a bọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olúwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn." Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba owó ni ó jẹ́ olè o, àwọn jọ́nà rere kan ń gbà á, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kà, bí kò bá sì dára, owó rẹ kò ní í ra á.

Jọ́nà gidi ni a fi í ránṣẹ́ sí. Oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Olùyẹ̀wò méjì ni ó kà á. Èkíní yìn wá. Èkejì béèrè ọ̀pọ̀ nǹkan, ìkẹta nínú wọn sì ni èyí: ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìgbà òjò, báwo ni ó ti jẹ́ tí ọmọ kan ṣoṣo kò pa iṣẹ́ jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé.

Dókítà kà á fún mi lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bá mi dá a lóhùn, ẹ̀yin ni ẹ mọ àwọn ọmọ yín." Ẹnu mi gbẹ. Mo ní n ó pè é padà.

Mo sọ fún ìyàwó mi lóru. Ó ní, "Mẹ́sàn-án péré? Ta ni yóò mọ̀?" Èmi náà fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn Andrew Wakefield lẹ́nu àbúrò rẹ̀, dókítà tí ó kọ ọ́ sínú The Lancet ní oṣù Èrèlé ọdún 1998 nípa ọmọ méjìlá, tí ó fi ẹ̀sùn ba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná èéyi lórúkọ jẹ́. Ọdún méjìlá ni ó kọjá kí wọ́n tó fagi lé ìwé náà ní ọdún 2010. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ abẹ́rẹ́, èéyi sì ti padà wá bá àwọn ọmọ wọn. Ẹ sì rántí ọdún 2020 tí gbogbo ọjà ń wá chloroquine kiri nítorí kòrónà. Ìwé kan jáde nínú The Lancet yìí kan náà ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí, ó ní òun ka àkọsílẹ̀ aláìsàn tó lé ní 96,000. Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ náà jáde. Wọn kò rí i mú jáde, wọ́n sì fagi lé e ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù.

Ní ìdájí, mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò pariwo. Ó ní, "Èwo ni, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ fi hàn mí." Mo fi ìka tọ́ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìwé jókòó, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ìbá sàn kí ó bú mi.

Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, ó kọ̀wé sí olóòtú, kò fi ohunkóhun pa mọ́, ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà. Wọ́n dá a padà. Ìgbéga ọdún náà sì fò ó ru. Kò sọ ọ́ sí mi létí lẹ́ẹ̀kan, láti ẹnu ìyàwó mi ni mo ti gbọ́.

Ìgbìmọ̀ gbà fún un láti padà wá wo àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà. Méjì ti kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Nínú méje tí ó kù, ọmọbìnrin kan fi páálí bo ojú òsì rẹ̀, ó sì dúró. Dókítà tọ́ka sí E tí ó tóbi jù lọ. Ọmọ náà kò nawọ́. Ó ní, "Ẹ ṣì í ná, Ma, kí n rí i," bẹ́ẹ̀ ni dókítà kò fi nǹkan bò ó. Ojú òsì náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn.

Mo mọ ọmọ náà. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo fi í sí. Mo ti pè é ní olódo lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ó máa ń wo ìwé ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ. Ìyá rẹ̀ ni oníèlùbọ́ tí mo sọ ní ìṣáájú. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún ìyá náà bí a ti ń dúró de káàdì. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, mo bi yín léèrè lọ́jọ́ náà o."

Ọmọ náà ti ń lo awò báyìí. Ojú ọ̀tún kò lè pé mọ́, wọ́n ní à bá tètè mọ̀, ṣùgbọ́n èyí òsì ń kàwé dáadáa láti iwájú.

Ìwé tuntun náà ti wà lọ́wọ́ olóòtú jọ́nà mìíràn láti oṣù tó kọjá. Mo ní kí dókítà yọ orúkọ mi kúrò láàárín àwọn òǹkọ̀wé, ó sì yọ ọ́. Nínú apá kejì, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé ọmọ mẹ́sàn-án kò wá ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, àti pé méje ni a padà yẹ̀ wò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ó bá a túmọ̀ lẹ́tà àwọn òbí sí èdè Yorùbá.