Ilà tí Kẹ̀kẹ́ Ń Kọ

Ohùn ni ó ya kẹ́kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìwúlò àmì ohùn. Bí a bá fi ohùn òkè méjì pè é, ilà ojú ni, èyí tí àwọn olóòlà ń kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Yorùbá láyé àtijọ́. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú, tí ohùn òkè sì tẹ̀ lé e, a di ohun tí àwọn ìyá àgbà fi ń ran òwú, tàbí ohun ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó jogún orúkọ náà. Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì Àgbàlé ọlọ́fà iná, ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá. Kẹ̀kẹ́ náà ń kọlà. Itan àti ìbàdí ni ó ń kọ ọ́ sí, abẹ́ aṣọ ni ilà náà sì ń gbé, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣì í kà.

Orúkọ mìíràn tí àwọn bàbá wa sọ ọ́ yẹ ní àgbéyẹ̀wò pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n pè é. Geere ni ohun tí ó ń lọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, tí kò fẹsẹ̀ kọ níbì kankan. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó fún un ní orúkọ yẹn, kì í ṣe ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí ní agogo méje àárọ̀, tí àpò ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè lé e lórí, yóò jẹ́rìí sí i pé kò sí geere kankan níbẹ̀.

Bàbá àgbà mi mọ èyí dájú. Kòkó ni ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà Sẹ̀kọ́nà tí ó já sí Ifẹ̀, ó sì fi èrè rẹ̀ ra Raleigh kan ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó ní Raleigh kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Kẹ̀kẹ́ tí a ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, káńsù ń gba owó láísẹ́ǹsì lé e lórí, a sì ń fi aṣọ nù ún ní alaalẹ́ bí ẹni pé ẹṣin ìjòyè ni. Nígbà tí mo gbọ́njú, bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, kẹ̀kẹ́ náà sì ti dógùn-ún lẹ́yìn ilé. Síbẹ̀, bí ó bá jókòó lórí àpótí, tí ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè láti fi òrí pa ẹsẹ̀, iṣan kan a yọ gọngọ lókè orúnkún rẹ̀, ní apá ti inú, bí ẹyin àparò. Àwa ọmọdé a máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, kì í jìn. Bẹ́ẹ̀ bàbá náà kì í ṣe alágbára láti òkè délẹ̀: apá rẹ̀ rí tín-ín-rín, àyà rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Bí ẹni pé ènìyàn méjì ni a lẹ̀ pọ̀.

Bàbá mi tí ó bí mi lọ́mọ kò gun kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ ni. Ẹdẹ sí Ìbàdàn ni ó ń ná, ó sì jókòó sí ìdí ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ó sanra, ó gbayì, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Kì í ṣe ìfẹ́ eré ìdárayá ni ó gbé èmi gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni a kéde ní Abuja pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦200 ti lọ sí ₦500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ọ̀kadà láti Òkè-Gádà tí mo ń gbé sí apá Akódà tí mo ti ń kọ́ni sì fò sókè bí ìgò tí a já ìdérí rẹ̀. Ní àkókò kan náà ni nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi, tí ó rí 148 lórí 94, tí ó sì bi mí léèrè ohun tí ó pa bàbá mi. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Kìlómítà 6 ni àlọ, 6 ni àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Aránṣọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ka ilà náà, nítorí pé òun nìkan ni ó ní téèpù. Nínú ìwé rẹ̀, ìbàdí mi jẹ́ ínṣì 38, itan mi jẹ́ 23. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìbàdí di 36, itan di 22½. Ó wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, ṣé kò sí?” Ó ti gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ a máa mú itan ki, ó sì rí i pé tèmi ń joro. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ lọ, ọ̀rá kì í sì í gbọ́ pé ikùn nìkan ni a rán òun kúrò níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ó bá fara pamọ́ sí ni ó ti ń dínkù, kódà ní ibi tí iṣan ti ń pọ̀. Nígbà tí ó fi pé oṣù mẹ́rìnlá, ìbàdí ti di 34, itan sì ti di 24. Ìgbà yìí ni wàhálà dé bá aránṣọ: ṣòkòtò tí ó bá gba itan mi, ìbàdí rẹ̀ a máa já bọ́, èyí tí ó bá bá ìbàdí mu, n kò lè fi jókòó.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan, ẹ wo adìẹ àti ẹyẹlé lórí àwo. Ẹran itan adìẹ dúdú, ti àyà rẹ̀ funfun. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni adìẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n bí ó bá fò gun orí ọgbà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó tó o. Ẹyẹlé ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn ní tirẹ̀, nítorí náà àyà tirẹ̀ ni ó dúdú. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́ a máa ní ohun kan nínú tí ń di atẹ́gùn tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá mú, ohun náà ni ó ń pa á láró. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ wàrà, tí ó sì tètè ń rẹ̀, kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwa ènìyàn ní oríṣìí méjèèjì, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn nínú iṣan kan náà bí òwú aláró àti òwú funfun nínú aṣọ òfì. Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, aláró ni ó ń tọ́jú. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín a pọ̀ sí i yí fọ́nrán iṣan rẹ̀ ká, àwọn ààrò kéékèèké tí ń dáná agbára nínú rẹ̀ a di púpọ̀. Èyí kì í sọ itan di ńlá. Ó ń sọ ọ́ di alágídí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di ńlá. Bí ẹsẹ̀ bá ń ti ohun tí ó wúwo, iṣan mẹ́rin tí ó wà níwájú itan, pẹ̀lú ti ìdí tí ó tóbi ju gbogbo iṣan ara lọ, ni ẹrù já lé léjìká. Bí wọ́n bá rí oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin jẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì rí oorun sùn, fọ́nrán wọn a nípọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹ lè fi wò ó. Robert Förstemann, ará Jámánì, eré wàrà ni tirẹ̀, nínú pápá tí a fi pákó tẹ́, itan rẹ̀ sì tóbi débi pé ìbàdí ẹlòmíràn kò tó o. Chris Froome, tí a bí ní Nairobi ní ọdún 1985, tí ó gba Tour de France ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún 2013 sí 2017, gígùn ni tirẹ̀: kìlómítà tí ó lé ní 3,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkè lórí òkè. Òun rí gbọọrọ bí ọparun. Ohun èlò kan náà ni àwọn méjèèjì gùn.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ kò níí sọ ẹsẹ̀ òun di ẹsẹ̀ ọkùnrin. Mo ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé oje ara tí ń mú iṣan ọkùnrin ki kò tó nǹkan lára obìnrin. Mo sì sọ fún un nípa Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris ní ọdún 2024, tí a ní kí ó tún wọ eré inú pápá, tí kò sì ní kẹ̀kẹ́ irú rẹ̀ títí àwọn ará Jámánì fi yá a ní ọ̀kan. Ọmọ náà kò bèèrè nípa itan mọ́. Ó béèrè ìdí tí a kò fi ní kẹ̀kẹ́. Mo ní kí a padà sórí iṣẹ́ wa.

Gbogbo èyí kò jẹ́ nǹkan kan lójú ìyá mi. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní Ọjà Tìmì, ojú ọjà ni wọ́n sì ti ń bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ó wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ó mọ̀ pé n kò tíì dé, ó fa aya mi sí kọ̀rọ̀.

“Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe pé ọkọ rẹ ń ṣàìsàn tí ẹ sì ń fi pa mọ́ fún mi?”

“Rárá o, Màmá. Ara wọn le. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn ni.”

“Ebi ni ń gun kẹ̀kẹ́. Tíṣà ni mo bí, n kò bí ẹlẹ́mu.”

N kò lè dá a lẹ́bi, nítorí pé èdè wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tú sanra palẹ̀, ó jọ mí lójú pé sàn àti ara ni a ó bá níbẹ̀, bí ẹni pé ara tí ó tóbi ni ara tí ó sàn. Ẹni tí ó bá rù, a ń kí i kú ìnira ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn ni ojú wa ti kọ́ láti máa wò bí a bá fẹ́ mọ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ fún ènìyàn, àwọn ni kẹ̀kẹ́ sì kọ́kọ́ ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ìyá mi gbọ́ tèmi tán, ó mi kanlẹ̀, ó ní, “Bàbá rẹ sanra títí di ọjọ́ tí ó ṣubú.” Ìyìn ni ó fi ṣe. N kò fèsì.

Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó. Ọkọ̀ kan náà, èéfín kan náà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọndọ́kítọ̀ lọ. Wọ́n rí irú rẹ̀ láàárín àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà àti àwọn akọ̀wé tí ń jókòó sí ọ́fíìsì. N kò sọ pé ìjókòó nìkan ni ó pa bàbá mi. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ogún ìdílé wà níbẹ̀, kò sì lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iṣan ni ọkàn pẹ̀lú, òun náà sì ń gba ilà. Bí ènìyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́ déédéé, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan a pọ̀ sí i, nítorí náà kò níí máa sáré lù mọ́. Tèmi ń lù ní ìgbà 84 ní ìṣẹ́jú kan bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́. Ó ti wálẹ̀ sí 66. Nọ́ọ̀sì náà wọn ìfúnpá mi, ó rí 128 lórí 82, ó tún un wọ̀n kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ kò dé. Kò ṣe apá lóore, gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà mi ti fi hàn. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ mú eegun le, nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ó gbé wa, ara kò ru ara rẹ̀. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn ní eegun tí kò lágbára tó ti ẹni tí ń rìn. Ní ti èyí, ìyá mi tí ó ti ru èlùbọ́ fún ogójì ọdún sàn jù mí lọ. Èmi ni mo ń gún iyán ní ilé wa ní ọjọọjọ́ Àìkú báyìí. Aya mi kò bèèrè ìdí rẹ̀.

Ilà ojú a máa bá olówó rẹ̀ dé ibojì, ilà kẹ̀kẹ́ a máa parẹ́. Nínú ìsinmi oṣù Kẹjọ ọdún 2024, òjò kò dá, ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi sì já, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń retí òmíràn láti Òṣogbo. Téèpù aránṣọ kò rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí pé iṣan kì í tètè fò lọ. Ọkàn ni ó tètè ń gbàgbé. Ó ti gòkè padà sí 73, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ sì wọlé, mo sọ̀kalẹ̀ ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọjọ́ méjìlá ni ó gbà kí n tó tún lè gùn ún dé òkè láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìyá mi ń lọ sí ọjà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì rí mi bí mo ti ń mí gúlegúle bọ̀. Ó ní kí n dúró jẹ àkàrà, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tún ti wọnú.